Nọ́ọ̀sì tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú skit

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn o. Ẹni tó bá wà nínú danfo báyìí kó fi í pamọ́, kó kà á tó bá délé.

Nínú skit wa ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì mẹ́ta péré ló wà. Ọ̀kan ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ń yí ojú. Ìkejì ń tẹ fóònù, aláìsàn ń pọ̀kàkà ikú lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta dúró lórí aboyún tó ń rọbí, ó ń bi í pé nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ṣé òun wà níbẹ̀. A ti rí wọn. A ti rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mélòó tí a ti ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà?

Mò ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi fídíò jẹun. Ẹ̀kọ́ ìròyìn ni mo kà jáde ní yunifásítì, fídíò èdè Yorùbá ni mo sì ń ṣe láti ìgbà tí mo ti sin ìjọba tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléeṣẹ́ kan fi script ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi polówó ọjà wọn. Nínú script yẹn, nọ́ọ̀sì ní òun ò ní fọwọ́ kan ọmọdé kan àfi tí bàbá rẹ̀ bá kọ́kọ́ "ṣe bí ọkùnrin" fún òun. Owó tí wọ́n fẹ́ san dáa, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní mi ò ṣe. Wọ́n ní, "Ṣebí eré lásán ni, àǹtí." Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ṣùgbọ́n "eré lásán" yẹn ló gbé mi débí.

Mi ò sọ pé ká má fi nọ́ọ̀sì ṣe ẹ̀fẹ̀. A ń fi pásítọ̀ ṣe é, a ń fi àfáà ṣe é, a ń fi lándíọ́ọ̀dù ṣe é, ayé ò bàjẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀fẹ̀ yìí ti di ohun tí àwọn èèyàn ń gbé sọ́kàn wọ ọsibítù. Ẹni tó ti wo irú ẹ̀ 50 lórí fóònù, ìjà ló máa gbé dé wọ́ọ̀dù. Kí nọ́ọ̀sì tó sọ pé "ẹ káàárọ̀, mà", kámẹ́rà ti wà lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. A jọ ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ni. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ojú mi ló rí i. Mo mọ ìgbà tí áláàmù wọn máa ń dún. Mo mọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe máa ń rí tí wọ́n bá bọ́ bàtà.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣíìfù alẹ́, torí òun ni ẹ̀yin kì í rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń wọlé, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń jáde. Wákàtí 12. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ: láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ta ni èyí, kí ló ń ṣe é, oògùn wo ló kù fún un, ta ni kò gbọdọ̀ jẹun nítorí iṣẹ́ abẹ ọ̀la. Tí o bá gbàgbé ẹyọ kan, ìwọ lo máa dáhùn.

Ká ní aláìsàn 30 ló wà ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì sì jẹ́ 2. Ẹ má rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó bá wà ládùúgbò yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgbóná ara, bí ọkàn ṣe ń lù, bí èémí ṣe ń lọ: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú 5 péré ni ẹnì kan gbà. Èèyàn 30, ìyẹn ìṣẹ́jú 150. Ẹ pín in sí méjì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 fún nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni lóògùn o! Ẹlòmíì sì wà láàárín wọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà lọ wò ní wákàtí wákàtí.

Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ká kàn gún un. Wọ́n á wo orúkọ, wọ́n á wo ìwọ̀n, wọ́n á fi omi po èyí tó jẹ́ ẹ̀tù nínú ìgò, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tí wọ́n ki ike sí lápá aláìsàn ṣì ń gbà. Tí kò bá gbà mọ́, wọ́n á wá iṣan tuntun. Ẹ fojú inú wò ó pé ọmọ oṣù mẹ́rin ni, ìgbẹ́ gbuuru ti fa gbogbo omi ara rẹ̀ gbẹ, iṣan ò yọjú, ìyá ọmọ ń sunkún, bàbá ń pariwo pé "ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe ṣá?" Bẹ́ẹ̀dì 9 ń pè pé omi òun ti tán, ẹ̀jẹ̀ ti ń gun inú rọ́bà padà. Ìyá arúgbó tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí ìdí wọn má bàa dégbò, ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ sì wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ̀yìn ń pa àwọn nọ́ọ̀sì tí wọn ò tíì pé 30 ọdún. Ibẹ̀ ló ti ń wá.

Iná á wá lọ. Ẹ̀yin ẹ mọ Nàìjíríà, mi ò ní ṣàlàyé. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n á gbé sẹ́nu, wọ́n á máa wá iṣan. Tí ẹ bá rò pé ilé ìwòsàn kéékèèké nìkan ni, ẹ rántí pé UCH Ìbàdàn, ọsibítù tó lórúkọ jù ní ilẹ̀ Yorùbá, wà láìní iná ìjọba fún ohun tó lé ní 100 ọjọ́, láti oṣù kẹwàá 2024 títí wọ oṣù kejì 2025, nítorí gbèsè iná.

Ẹnìkan á sì kú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń tọ́jú òkú kí wọ́n tó wá gbé e lọ sí mọ́ṣúárì? Nọ́ọ̀sì náà ni. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní ó ti lọ. Nọ́ọ̀sì á pa ojú rẹ̀ dé, á yọ gbogbo rọ́bà tó wà lára rẹ̀, á nù ún, á fi òwú dí ibi tó yẹ, á di àgbọ̀n rẹ̀, á so orúkọ mọ́ ọn lára, á wé e. Ẹbí tó ń yí nílẹ̀ ní kọ́ríídọ̀, nọ́ọ̀sì ló máa dì wọ́n mú. Lẹ́yìn náà, á fọ ọwọ́ rẹ̀, á lọ fún bẹ́ẹ̀dì 12 lómi, bẹ́ẹ̀dì 12 á sì ní kí ló pẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀, tí kò rẹ́rìn-ín.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n máa ń rò tí wọ́n bá ń wé òkú. Mo rò pé wọ́n máa sọ nǹkan nípa ikú àti ayé. Wọ́n ní, "Oògùn aago mẹ́fà."

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé ńkọ́? Ó ń bí mi nínú gan-an. Ẹnìkan ti ya ẹ̀gbọ́n mi ní fídíò rí níbi tí wọ́n jókòó sí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ẹ wo àwọn tí à ń sanwó fún". Wọ́n ń kọ ìwé aláìsàn ni! Nínú iṣẹ́ wọn, ohun tí wọn ò bá kọ sílẹ̀, bí ẹni pé wọn ò ṣe é ni. Tí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù tàbí ti ìgbìmọ̀, ìwé yẹn nìkan ló máa gbẹnu sọ fún wọn. Tí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó jókòó tó ń kọ nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ti owó, torí ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí jù. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, ẹ máa kọ́kọ́ ra káàdì. Ẹ ra káàdì tán, ẹ ra ìbọ̀wọ́, ẹ ra síríńjì, ẹ ra òwú, ẹ ra ike tí wọ́n ń kì bọ iṣan, ẹ ra omi fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sanwó níbì kan, ẹ gba rìsíìtì, ẹ gbé e lọ sí ibi oògùn, wọ́n ní kò sí, ẹ jáde lọ rà á níta géètì. Ta ló ń sọ gbogbo èyí fún yín? Kì í ṣe mínísítà. Kì í ṣe kọmíṣọ́nnà. Kì í ṣe ọ̀gá àgbà ọsibítù tí ẹ ò mọ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 26 kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló máa wò yín lójú, táá ní "Sà, ó ku 4,500." Kọ́bọ̀ nínú owó yẹn ò wọ àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lẹ máa rántí, òun lẹ sì máa ṣépè fún.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tó burú jù tí wọ́n gbé lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lorílẹ̀-èdè yìí nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n kà ní iléèwé. Ìjọba kò ra ìbọ̀wọ́, nọ́ọ̀sì ló ń jẹ èébú rẹ̀. Òfin NHIA ti ọdún 2022 ní kí gbogbo wa ní adójútòfò ìlera. Ó dáa. Nínú ilé yín, èèyàn mélòó ló ní in? Ìdí nìyẹn tí bàbá kan fi máa dúró ní wọ́ọ̀dù ní aago méjì òru pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ àti 1,200 lápò, tí nọ́ọ̀sì tí kò dá òfin kankan sílẹ̀ á sì wá di ìkà lójú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń san án fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sí. Kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ gbà á padà, àwọn tó jẹ gbèsè ti lọlé tipẹ́. Mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ìwé yẹn ò kún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àánú wọn ò gbẹ o. Owó ọkọ̀ ló gbẹ wọ́n.

Owó oṣù ńkọ́? Mo mọ ọsibítù àdáni kan tó ń san ohun tí kò tó 70,000 náírà, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní 2024, fún nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ńsì. Tó bá pẹ́ dé fún ìṣẹ́jú 20, wọ́n á yọ nínú rẹ̀. Mo ti sọ ọ́, mo ti kúrò níbẹ̀.

Ewu wá ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún aláìsàn lè gún nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan ni, aláìsàn ta pọ́ún, ó parí. Ó lè jẹ́ HIV, ó lè jẹ́ hepatitis. Oògùn HIV tí wọ́n ń lò láti dènà rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, wọ́n á lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹ̀gbọ́n mi ti lò ó lẹ́ẹ̀kan. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bì ní ilé ìwẹ̀. Wọ́n á fọ ẹnu, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fún wọn láyè ìsinmi. Ká tó mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan kan, oṣù mélòó kan kọjá, nínú oṣù wọ̀nyẹn màmá wa ò mọ nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo mọ̀. (Wọ́n ti fún mi láyè láti kọ èyí. Màmá ti mọ̀ báyìí.)

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé 5,000 náírà lóṣù ni owó ewu ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera. 5,000! Ariwo tí wọ́n pa ló jẹ́ kí ìjọba fi kún un lẹ́yìn náà. Àti ní 2014 tí Ebola wọ Èkó, gbogbo wa mọ orúkọ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Nọ́ọ̀sì náà wà lára àwọn tó kú. Ẹni tó bá lè dárúkọ ọ̀kan lára wọn láìwo Google, kó nawọ́ sókè.

Ẹ má tíì máa pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Ó kàn yín báyìí.

Àwọn kan nínú yín burú. Mi ò ní fi aṣọ bò ó. Ìwádìí kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní Nàìjíríà, Gánà, Guinea àti Myanmar, tí wọ́n gbé jáde nínú Lancet ní 2019, rí i pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n wò tí wọ́n fìyà jẹ nígbà ìbímọ: èébú, igbá etí, ìpatì. Ẹ̀fẹ̀ aboyún inú skit yẹn ò ti ojú ọ̀run já bọ́. Obìnrin tí wọ́n na lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń bí àkọ́bí rẹ̀, mi ò lè wá sọ fún un pé nọ́ọ̀sì tó nà án ò sùn dáadáa. Èmi náà ò sùn dáadáa, mi ò na ẹnikẹ́ni. Àárẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn le. Kì í gbé ọwọ́ èèyàn sókè kó fi gbá ẹlòmíì létí. Ẹni tó bá ṣe é yẹ kó dáhùn níwájú ìgbìmọ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dẹ́kun bíbò ó.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó so mọ́ ọn: kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun ni nọ́ọ̀sì. Iléèwé nọ́ọ̀sì, ọdún 3 ló kéré jù. Ti yunifásítì, ọdún 5. Wọ́n á ṣe ìdánwò ìgbìmọ̀, wọ́n á gba láísẹ́ńsì, wọ́n á sì máa sọ ọ́ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n ọsibítù kan ládùúgbò yín lè mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kó wọ aṣọ fún un, kó máa fún un ní owó táṣẹ́rẹ́. Auxiliary ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ yẹn gan-an, mi ò bú u, iṣẹ́ ló ń wá. Ẹni tó gbé ẹ̀mí èèyàn lé e lọ́wọ́ torí kó má bàa san owó nọ́ọ̀sì gidi ni kí a bá wí. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, "Àǹtí, ṣé nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ ni yín?" Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ṣá. Nọ́ọ̀sì gidi kì í bínú sí i.

Mo ti mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sábẹ́ ibí: "Iṣẹ́ ìpè ni. Wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́." Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ báńkì? Ọ̀rọ̀ "ìpè" yìí, àwọn obìnrin nìkan la sábà máa ń fi í dì mọ́lẹ̀: nọ́ọ̀sì, tíṣà, ìyá. Lándíọ́ọ̀dù wa ò gba ìpè. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ẹni tó ní ìfẹ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló yẹ ká tọ́jú dáadáa kó má bàa lọ.

Torí wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa, jápa, ti di ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà. Nínú kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìpàdé, aago Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi ń dájọ́. Ní oṣù kejì 2024, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, NMCN, gbé ìwé jáde: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 lẹ́yìn tó gba láísẹ́ńsì, kó sì gba lẹ́tà ìwà rere lọ́wọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde ní Èkó àti Àbújá láti sọ pé àwọn ò gbà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn fọwọ́ sí òfin yẹn. Wọ́n ní owó ìjọba la fi kọ́ wọn. Èmi ò fọwọ́ sí i rárá. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ kẹ̀? Ọ̀gá tó ń san 60,000 fún ẹ, tó mọ̀ pé tó bá fọwọ́ sí ìwé yẹn o máa lọ, ṣé á tètè fọwọ́ sí i? Nígbà tí omi ń jò nínú garawa, ihò là ń dí, a kì í di ọwọ́ omi.

Ẹ rántí Kofoworola Abeni Pratt. Ọmọ Èkó ni wọ́n, 1915 ni wọ́n bí wọn. Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ NHS nígbà tó ṣì wà ní jòjòló, wọ́n wá padà sílé, wọ́n sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́tírọ̀n ní UCH. Kò sẹ́ni tó ti géètì mọ́ wọn kí wọ́n tó padà. Nígbà yẹn UCH jẹ́ ọsibítù tuntun, wọ́n ń wá ọmọ ilẹ̀ yìí tó máa gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó. Iṣẹ́ tó níyì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Kí ló ń dúró de ẹni tó fẹ́ padà wá lónìí? Ṣé tọ́ọ̀ṣì fóònù?

Ní ìparí oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, NANNM, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ 7 ní àwọn ọsibítù ìjọba. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè nìyí: owó ṣíìfù tó nítumọ̀, owó aṣọ iṣẹ́, kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i, kí wọ́n ní ètò owó oṣù tiwọn. Kò pé ọjọ́ 7 tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú ìjọba. Lórí ayélujára lọ́sẹ̀ yẹn, èébú tí mo kà kọjá sísọ. "Ìkà." "Apààyàn." Ìgbà tí wọ́n lọ kúrò ní wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn èèyàn wá mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ń gba ẹ̀mí là. Kí ló dé tí ẹ ò mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀?

Ó dáa. Tí ẹ bá gbé èèyàn yín lọ sí ọsibítù, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní kí n bá àwọn sọ. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe kí àbúrò bàbá yín béèrè, kí ìyàwó pásítọ̀ béèrè, kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà tún pè wá béèrè ohun kan náà, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí aláìsàn bá ti mu àgbo kí ó tó wá, ẹ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ò ní bú yín, tó bá sì bú yín, ẹ fara dà á kí ẹ ṣì sọ ọ́, torí ó lè kọlu oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un. Ẹ béèrè orúkọ nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi orúkọ yẹn pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí aláìsàn bá ti lè pe orúkọ àwọn, ara máa ń tu àwọn díẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe dáadáa sí yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá wọn. Ṣebí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀sùn.

Tí wọ́n bá sì fìyà jẹ yín, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ kọ déètì, ẹ kọ aago, ẹ kọ orúkọ. Ẹ má gbá ẹnikẹ́ni létí. Mi ò rò pé ó yẹ kí n máa sọ èyí fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fọ́ gíláàsì ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi torí pé bàbá rẹ̀ kú ní ọsibítù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gbé e kiri ilé àdúrà.

Èmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ fídíò tèmi. Nọ́ọ̀sì ló máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe òṣèré. Tí o bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, àgbà tàbí ọmọdé, ti ìjọba tàbí àdáni, DM mi ṣí sílẹ̀. Fi ohùn ránṣẹ́, mi ò ní fi ojú rẹ hàn, mi ò ní dárúkọ ọsibítù rẹ. Ìbéèrè kan ni mo ní fún gbogbo yín: kí ló ṣẹlẹ̀ ní ṣíìfù tí o ṣe kẹ́yìn tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé? Ẹni mẹ́fà ti dáhùn láti àná. Ẹ jọ̀ọ́ ṣá o, ẹ má fi fọ́tò aláìsàn kankan ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní ṣí i.